Kí ni "trace" túmọ̀ sí nínú èsì àyẹ̀wò?
Tí wọ́n bá kọ "trace", nǹkan ọ̀hún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kò lè sọ iye rẹ̀ ní pàtó. Kì í ṣe òdo.

Èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dẹ́rù bani jù. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ máa ń yí àwọ̀ padà, wọ́n á sì fi àwọ̀ náà wé èyí tó wà lára agolo rẹ̀. Àmì 1+, 2+ àti 3+ ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ní ti purotéènì, 1+ jẹ́ nǹkan bíi 30 mg nínú ìdá mẹ́wàá lítà, 2+ jẹ́ 100, 3+ jẹ́ 300. Trace kò tó 1+. Ibà, eré ìdárayá tó le, tàbí ìtọ̀ tó ki nítorí àìmu omi lè fà á láìjẹ́ pé kíndìnrín ń ṣàìsàn. Nǹkan oṣù náà lè mú kí trace ẹ̀jẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mu omi púpọ̀ lè ní purotéènì tó ga, kí ìwé náà sì fi trace hàn, torí omi ti là á.

Nítorí náà, ẹ tún un ṣe. Ìtọ̀ àkọ́jí òwúrọ̀ ló dára jù: ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dànù, kí ẹ gba ti àárín. Àkókò tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ fi ka àwọ̀ náà. Ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan fún purotéènì. Àwọ̀ tó bá yí lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì kò ṣeé gbára lé. Bí wọ́n bá ṣí agolo sílẹ̀, ọ̀rinrin á ba ìwé inú rẹ̀ jẹ́. Aláboyún, ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú trace purotéènì. Kí wọ́n bá dókítà sọ ọ́, kí láàbù lè wọn iye rẹ̀ gan-an.

Wọ́n tún ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún òjò. Ní Amẹ́ríkà, òjò tí kò bá tó 0.01 ínṣì, T (ìyẹn trace) ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń kọ. Bí T nìkan bá wà fún ọjọ́ mẹ́wàá, àròpọ̀ rẹ̀ ṣì ni T.

Nínú oúnjẹ, "trace element" ni àwọn èròjà tí ara ń fẹ́ díẹ̀ kíún. Áyódìnì tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju 0.15 mg lọ, síbẹ̀ àìní rẹ̀ ló ń fa gẹ̀gẹ̀.

Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára páálí oúnjẹ pé ó lè ní trace ẹ̀pà nínú, wọn kò dìídì fi ẹ̀pà sí i. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Wọn kò ṣèlérí iye kankan, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.