Bí wọ́n ṣe ń yan pọ́ọ̀tù fún ọ̀nà ìfiránṣẹ́ nínú Capella

Ká fi ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ṣe àpẹẹrẹ. Táǹkì omi wà lókè orí irin, pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa gun àkàbà lóròòru láti wo bóyá omi ti kún. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa wọn omi, kí òmíràn máa tan pọ́ǹpù, kó sì máa pa á. Kí wọ́n tó ra wáyà, wọ́n lè kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀ sínú Capella, sọfitíwíà ọ̀fẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Thales ti ilẹ̀ Faransé wá.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. "Wọn omi" jẹ́ iṣẹ́ kan, "pinnu" jẹ́ òmíràn. Ìwọ̀n omi ń gba pọ́ọ̀tù ìjáde (pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tàbí jáde) kúrò nínú èkíní, ó ń gba pọ́ọ̀tù ìwọlé bọ́ sínú èkejì. Pọ́ọ̀tù iṣẹ́ kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tí pọ́ọ̀tù tirẹ̀ lè máa gbà, kó máa fúnni, tàbí kó máa ṣe méjèèjì. Ìkẹta ni pọ́ọ̀tù ara ẹ̀rọ, ibi tí wáyà ti ń wọlé gan-an.

Ìpele mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ so mọ́ra. Ẹrù tó ń lọ Iléṣà láti Old Garage, ọkọ̀ Iléṣà ló ń gbé e, ọkọ̀ náà sì ní títì tó ń gbà. Bákan náà, a ó yan ọ̀nà láàárín ẹ̀yà méjì fún ìwọ̀n omi, a ó yan wáyà fún ọ̀nà náà, a ó sì so pọ́ọ̀tù ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́ ti ìpele tó tẹ̀ lé e.

Síso yìí ló ń tú àṣìṣe fó. Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04, ẹ̀rọ tí wọ́n sábà máa ń lò láti wọn omi, ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, orúkọ wọn sì wà lójú rẹ̀: Vcc, Trig, Echo, Gnd. Ẹni tó ya ọfà kan ṣoṣo, láti "wọn omi" sí "pinnu", yóò so ó mọ́ Echo, ẹsẹ̀ tí èsì ń gbà jáde, inú rẹ̀ yóò dùn. Trig wá ńkọ́? Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í dá sọ̀rọ̀: àfi kí bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ "pinnu", kọ́kọ́ fi iná kan Trig fún ó kéré tán 10 máíkírósẹ́kọ́ńdì kó tó wọn ohunkóhun. Àṣẹ "wọn báyìí" ni kò sí nínú àwòrán. Wọn yóò padà sókè, wọn yóò fi í kún un láti "pinnu" sí "wọn omi" pẹ̀lú pọ́ọ̀tù tuntun méjì, wọn yóò sì tún un so wálẹ̀. Ó sàn kí ẹ̀yà sẹ́ńsọ̀ ní pọ́ọ̀tù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ju kí ẹyọ kan máa ṣe méjèèjì lọ, torí wáyà ìfiránṣẹ́ méjì, ti Trig àti ti Echo, ló wà lára rẹ̀.

Capella lè yẹ àwòrán wò, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé Trig wà bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n to gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ kí síso tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ agbára iná sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Echo ń tú fóòtì 5 jáde, 3.3 ni bọ́ọ̀dù ESP32 ń fẹ́. Rẹsísítọ̀ méjì láàárín wọn ti tó láti dín in kù.