Oúnjẹ Òtẹ́ẹ̀lì Kọ́ Ló Ń Gba Ikùn Là ní Bahia

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ti fẹnu kò pé Salvador làwọn fẹ́ lọ gbafẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde láàárín wọn. Ẹnìkan, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí wọ́n kó owó àjọ dání fún, á ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, kí wọ́n sanwó sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá etíkun tó ń bọ́ àlejò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó ní oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì ò lè dá ìgbẹ́ gbuuru síni lára, àmọ́ ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ojú títì ti fi ikùn rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Gbogbo wọn á gbà. Wọ́n á dé ọ̀hún, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ọgbà, wọ́n á sì padà sílé láì fẹnu kan àkàrà Bahia.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ irú èyí, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló ṣe é. Ìlú tí àwọn obìnrin ṣì ń jókòó sí ìkóríta din àkàrà nínú epo pupa, tí wọ́n ń se ilá, tí wọ́n ń we mọ́ínmọ́ín sínú ewé, tí wọ́n sì ń pe àkàrà ọ̀hún ní oúnjẹ Ọya, ta ló yẹ kó gbádùn rẹ̀ bí kò ṣe àwa? Ìbẹ̀rù tó ń lé wa kúrò nídìí oúnjẹ yìí ò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń sọ oúnjẹ di àìsàn. Ooru àti àkókò ni kòkòrò inú oúnjẹ ń wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀: kí oúnjẹ jinná títí àárín rẹ̀ fi gbóná tó 70°C, kí èyí tó gbóná wà lókè 60°C títí wọn yóò fi jẹ ẹ́, kí èyí tó tutù má kọjá 5°C, kí oúnjẹ sísè má sì lò ju wákàtí méjì lọ níta lásán. Láàárín 5 sí 60 yẹn ni kòkòrò ti ń bí sí i, ní ìlú tí oòrùn ọ̀sán sì máa ń mú bíi 30°C, kì í falẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọwọ́: ọwọ́ ẹni tó se é, ọwọ́ ẹni tó bù ú, àti ọwọ́ gbogbo ẹni tó di ṣíbí ìbùjẹ mú ṣáájú rẹ.

Ẹ wá fi ìwọ̀n yìí wọn tábìlì oúnjẹ òsán ní òtẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ igba èèyàn. Wọ́n ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Abọ́ onírin tí wọ́n tan iná sí nídìí ń mú kí ọbẹ̀ gbóná bí iná náà bá ń jó dáadáa, àmọ́ ẹ fọwọ́ sún mọ́ èyí tó wà ní ìkángun tábìlì ní aago méjì, ẹ ó rí i pé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Sàláàdì tí wọ́n fi ẹyin sí wà nínú abọ́ tí yìnyín abẹ́ rẹ̀ ti di omi. Èso tí wọ́n ti gé láti òwúrọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wàràkàṣì àti ẹran tútù pẹlẹbẹ tí ó ti ń làágùn. Ṣíbí kan ṣoṣo ni gbogbo àlejò ń dì mú, àtọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ìwẹ̀, àtàgbàlagbà tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Òtẹ́ẹ̀lì tó mọṣẹ́ á máa pààrọ̀ abọ́, á máa da yìnyín tuntun, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é. Síbẹ̀, aṣọ funfun orí tábìlì ò lè sọ fún yín irú èyí tó jẹ́.

Ẹ wá lọ bá ìyá alákàrà ní Rio Vermelho, àdúgbò etíkun kan ní Salvador, ní ìrọ̀lẹ́. Acarajé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ẹ̀wà olójú dúdú ni, wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, wọ́n sì fi igi ọmọrogùn pò ó títí tó fi fúyẹ́. Ojú yín ni yóò ti dà á sínú epo tó ń hó. Epo dídín ń gbóná ju 150°C lọ, bí àkàrà bá sì jinná dénú, ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ẹ̀wà lílọ̀ ni kò ní lè bọ́ nínú ìyẹn. Àkàrà tó ti inú epo bọ́ sọ́wọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ò rí àyè dúró ní àárín 5 sí 60 náà. Èrò sì tò síwájú rẹ̀, tí ohun tó dín kì í fi í sùn. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, nínú ohun méjèèjì yìí, àkàrà ni mo máa fún ìyá mi jẹ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àdàbọwọ́ lójú àwọn ará Brazil. Ní ọdún 2005 ni IPHAN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn ìdíje FIFA ń bọ̀ ní pápá ìṣeré Fonte Nova, ẹ̀rù ba àwọn ìyá yìí pé wọn ò ní jẹ́ káwọn tà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fárí gá, wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì gba àyè láti tà nínú ọgbà pápá náà ní 2013. Ẹni tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, tó ń jókòó sójú kan náà lójoojúmọ́ níwájú àwọn oníbàárà kan náà, kò lè ṣeré pẹ̀lú ikùn aráàlú.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé. N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lójú títì ló dára. Wọ́n máa ń la àkàrà yìí sí méjì, wọ́n á sì kó nǹkan sínú rẹ̀: vatapá, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì tàbí ìyẹ̀fun, edé, ẹ̀pà, kajú, wàrà àgbọn àti epo pupa se; caruru, ìyẹn ọbẹ̀ ilá; edé; àti tòmátò tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Àwọn nǹkan yìí ò wọ inú epo gbígbóná. Bí wọ́n bá ti wà lórí igbá láti ọ̀sán, inú wọn ni ewu wà. Ẹ lè ní kó fi tòmátò sílẹ̀. Ẹ lè jẹ ẹ́ ní àkàrà òun ata nìkan, bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nílé, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Ní etíkun náà bẹ́ẹ̀: wàràkàṣì tí wọ́n ń yan lórí iná ẹ̀yín níwájú yín dára, àgbọn tí wọ́n là lójú yín dára, ṣùgbọ́n edé sísè tí ọmọ kan gbé sínú agbọ̀n kiri etí òkun láti òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ. Ìsáwùrú òkun tútù náà, ẹ fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ orí àwo òtẹ́ẹ̀lì ló wà.

Kí ló wá dé tí ìgbàgbọ́ yìí ò kú? Ohun tó fà á ni pé àìsàn oúnjẹ kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Májèlé tí kòkòrò Staphylococcus fi sílẹ̀ nínú oúnjẹ lè mú èèyàn bì láàárín wákàtí díẹ̀. Norovirus máa ń gba wákàtí 12 sí 48. Irú E. coli tó sábà ń dá ìgbẹ́ gbuuru sí àwọn arìnrìn-àjò lára máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Salmonella lè pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́fà. Bí ẹnìkan bá jẹ àkàrà lálẹ́ Ọjọ́rú, tí inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àkàrà ni yóò kà sí lọ́rùn, nítorí òun ni nǹkan tuntun tó jẹ. Kò ní rántí èso gígé tó bù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dé ilé, ó ròyìn, àwọn ọ̀rẹ́ gbọ́, wọ́n sì gbà á bí òótọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ba orúkọ ìyá alákàrà jẹ́ fún ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà: epo pupa máa ń yọ́ inú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ. Òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lè sáré díẹ̀, kó sì rò pé àrùn ni. Ẹni tó ti ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ríro láti kékeré ò níṣòro yẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, níbo ló yẹ kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ dé sí? Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń kó oúnjẹ pọ̀ mọ́ yàrá wà ní etíkun àríwá, lójú ọ̀nà Linha Verde, láti Praia do Forte lọ dé Costa do Sauípe. Sauípe jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 75 sí pápákọ̀ òfurufú Salvador. Fún ẹni tó kó ọmọ kéékèèké dání, tàbí àgbàlagbà tí kò fẹ́ rìn, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ sùn kó sì lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ dára, n kò ní tan yín. Àmọ́ bí Salvador gan-an lẹ bá wá wò, ìdè ló máa dà. Ẹ ó ti sanwó oúnjẹ ọ̀sán, owó yẹn ni yóò sì máa fà yín padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbèrò àtijáde.

Fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ, mo fara mọ́ pousada, ilé ìtura kékeré tí ẹbí kan sábà ń bójú tó, tí oúnjẹ àárọ̀ nìkan wà nínú owó yàrá. Adúgbò Santo Antônio Além do Carmo kún fún wọn, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn dé Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ tí UNESCO kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985. Bí ẹ bá fẹ́ràn òkun àti oúnjẹ alẹ́ jù, Rio Vermelho ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Yemọja ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì. Bó bá jẹ́ àsìkò ọdún náà tàbí Carnaval lẹ ń lọ, ẹ tètè gba yàrá. Oúnjẹ àárọ̀ ilé kékeré dára nítorí orí iná lẹ ó ti máa gba ẹyin àti tapioca, ìyẹn oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta péré: ṣé omi mímu tó mọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé firiji wà nínú yàrá, àti pé ibo ni aládùúgbò ti ń jẹun alẹ́. Ẹni tó bá dáhùn ìkẹta yẹn pẹ̀lú ìtara mọ ìlú rẹ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú gba odindi ilé ká máa dáná fúnra wa. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìrẹsì àná. Hóró Bacillus cereus, kòkòrò kan tó máa ń wà lára ìrẹsì, kì í kú nínú omi híhó, bí ẹ bá sì fi ìrẹsì sílẹ̀ lórí sítóòfù mọ́jú nínú ooru yẹn, yóò jí, yóò sì tu májèlé tí gbígbé e kaná padà ò lè pa. Firiji ilé àyágbé sì máa ń kéré fún ìkòkò èèyàn mẹ́jọ. Ẹ se ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán.

Morro de São Paulo, abúlé kan ní erékùṣù Tinharé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í rìn, tí ọmọ bárò ń ti ẹrù àlejò, ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ ojú omi láti Salvador ń lò ju wákàtí méjì lọ lórí agbami, èébì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òkun ló fà á, ẹ má di ẹ̀bi náà ru oúnjẹ àná. Ẹni tí òkun ń bá jà lè gba erékùṣù Itaparica kọjá, kó wọ mọ́tò dé ìlú Valença, kó wá wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré.

Ní ilé oúnjẹ, ẹ mọ̀ pé moqueca, ọbẹ̀ ẹja tàbí edé inú ìkòkò amọ̀, tó ń hó gbuu dé orí tábìlì, sábà máa ń jẹ́ ti èèyàn méjì. Ẹ̀yin mẹ́fà, ìkòkò mẹ́ta ti tó. Nǹkan tí mo bẹ̀rù jù lọ lórí oúnjẹ Bahia kò tilẹ̀ kan kòkòrò. Ẹ̀pà, kajú àti edé wà nínú vatapá, wọ́n sì sábà máa ń wà nínú caruru náà, wọn ò sì hàn sójú. Bí ara ẹnìkan nínú yín ò bá gba ọ̀kan nínú wọn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Potogí kí ẹ tó kúrò nílé, kó sì máa fi han ẹni tó ń dáná, ní òtẹ́ẹ̀lì àti lójú títì.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣì mú ẹnìkan, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ilé ìpògùn Brazil ń ta àpò soro, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, bí kò bá sì sí nítòsí, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan, ẹ jẹ́ kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ara rẹ̀ gbóná gan-an, tàbí kò lè mu omi kó dúró, ẹ gbé e lọ sí UPA tó bá sún mọ́ yín, ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ìjọba tó ń ṣí tọ̀sán-tòru, tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ àlejò.