Bí ọ̀gá ọkọ̀ ogun ṣe di ààrẹ: ọ̀nà tí Jorge Montt gbà dé ilé ìjọba Chile

Ilẹ̀ Chile rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó nà gbọọrọ létí Òkun Pàsífíìkì, gígùn rẹ̀ sì lé ní 4,000 kìlómítà. Ní ọdún 1891, kò tíì sí ojú irin tó so àríwá rẹ̀ mọ́ àárín. Aṣálẹ̀ Atacama ló jókòó sáàárín, kò sí omi, kò sí oúnjẹ. Ọmọ ogun tó bá fẹ́ ti Santiago, olú ìlú, lọ sí Iquique ní àríwá, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ní òun ò gbé e, a jẹ́ pé ibi tó wà náà ni yóò wà.

Àríwá yìí sì ni owó wà. Chile bá Perú àti Bòlífíà jagun láti 1879, ogun náà sì ló sọ Tarapacá àti Antofagasta di tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo nítréètì tó wà nínú aṣálẹ̀ ibẹ̀. Nítréètì yìí dà bí iyọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń rà á ṣe ajílẹ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù ìbọn náà ń wá a. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń wà á. Ìjọba dúró sí èbúté, ó ń gba owó ibodè lórí èyí tó bá ń jáde. Nígbà tí yóò fi di 1890, owó ibodè yìí nìkan ti tó bí ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba. Létí omi gan-an ni ilé aṣọ́bodè Iquique àti ti Pisagua wà, níbi tí ìbọn ńlá ọkọ̀ ogun ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Inú iṣẹ́ ojú omi yìí ni Jorge Montt dàgbà sí. Ọmọ ìlú Casablanca ni, nítòsí Valparaíso. Ní 1858 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, òun àti Arturo Prat, Carlos Condell, Juan José Latorre àti Luis Uribe. Títí dòní, kíláàsì àwọn akọni ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ wọn ní Chile. Ó wà nínú ọkọ̀ Esmeralda ní 1865 nígbà tí wọ́n gba ọkọ̀ Covadonga lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì ní Papudo. Ní ọjọ́ 8 oṣù October 1879, òun ni ọ̀gá ọkọ̀ O'Higgins nígbà tí wọ́n ká ọkọ̀ Huáscar ti Perú mọ́ ní Angamos. Prat ti kú ní Iquique ní oṣù May ọdún yẹn, òkìkí rẹ̀ sì gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Montt ò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀. Ìdílé rẹ̀ lórúkọ lóòótọ́, nítorí Manuel Montt tó ṣe ààrẹ láti 1851 sí 1861 wá láti inú ìdílé náà, àmọ́ Jorge fúnra rẹ̀ kì í ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni.

Àfi kéèyàn mọ ohun tó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Chile ti 1833 kó tó lè yé e bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dé ipò ààrẹ. Ìwé òfin náà fún ààrẹ lágbára púpọ̀. Òun ló ń yan mínísítà, òun ló ń yan àwọn gómìnà, àwọn wọ̀nyí ló sì ń darí ìbò, débi pé ààrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú àwọn tí yóò wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Oṣù 18 péré ni òfin owó orí lè fi wà kó tó di pé wọ́n tún un ṣe. Ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ètò ìṣúná. Ọdọọdún náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi òfin sọ iye ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi tí ìjọba lè ní. Bí ọdún bá parí tí òfin yìí ò sì sí, ọmọ ogun ṣì wà nínú bárékè, ọkọ̀ ṣì wà lórí omi, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó gbé wọn ró.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìhàlẹ̀ lásán ni àwọn aṣòfin fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe. José Manuel Balmaceda, tó di ààrẹ ní 1886, ló bá ọjọ́ tí wọ́n lò ó pàdé. Ó fẹ́ fi owó nítréètì kọ́ ojú irin, ilé ìwé àti èbúté, ó sì kọ́ púpọ̀. Ìjà òun àti àwọn aṣòfin dá lórí ẹni tó yẹ kó yan mínísítà: àwọn aṣòfin ní mínísítà tí àwọn ò bá fọkàn tán gbọ́dọ̀ lọ, ààrẹ ní ẹni tó bá wu òun lòun ń yàn. Ní 1890 wọ́n di òfin owó orí mú mọ́ ọn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù October, ààrẹ ti ìjókòó wọn pa. Ọjọ́ 31 oṣù December dé, kò sí ètò ìṣúná, kò sí òfin iye ọmọ ogun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ January 1891, Balmaceda kéde pé ètò ìṣúná ọdún tó kọjá lòun yóò máa lò lọ.

Gbólóhùn yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún Montt. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí ìwé pé ààrẹ ti kúrò lábẹ́ òfin, ipò rẹ̀ sì ti bọ́. Inú ìwé náà ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ lé Jorge Montt lọ́wọ́ pé kó ran ilé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Òru ọjọ́ 6 mọ́ ọjọ́ 7 oṣù January, Waldo Silva, igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ àgbà, àti Ramón Barros Luco, olórí ilé àwọn aṣojú, wọ ọkọ̀ ogun Blanco Encalada ní Valparaíso. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó bá wọn lọ lè sọ pé àwọn ò ṣọ̀tẹ̀ rárá: òfin tó fún ààrẹ láṣẹ lórí àwọn ti parí láti ọjọ́ kìíní oṣù, ilé tó ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ sì rèé nínú ọkọ̀. Fún ẹni tí wọ́n fi ìgbọràn tọ́ láti kékeré, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Kò dá gbogbo wọn lójú bẹ́ẹ̀ ṣá. Juan Williams Rebolledo, tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní Papudo, kò kúrò lẹ́yìn Balmaceda. Latorre, ẹlẹgbẹ́ Montt láti ilé ẹ̀kọ́, wà ní Yúróòpù nídìí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń kàn, ti Balmaceda lòun náà ń ṣe. Bí àwọn àgbà ṣe fà sẹ́yìn ni Montt ṣe bọ́ sí iwájú.

Ọmọ ogun orí ilẹ̀ dúró ti ààrẹ. Báyìí ni Chile ṣe pín sí méjì: ìkan ní ìbọn lórí ilẹ̀, èkejì ní ọkọ̀ lórí omi. Wọn ò lè kọjú ìjà síra wọn ní Santiago, nítorí náà àwọn ọlọ́kọ̀ lọ síbi tí owó wà. Ní oṣù February wọ́n jà ní ilé aṣọ́bodè Iquique, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan ló sì bá wọn dá sí i kí ìlú má bàa jóná tán. Ní ọjọ́ 7 oṣù March wọ́n ṣẹ́gun ní Pozo Almonte. Ìgbà yẹn ni gbogbo owó ibodè nítréètì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun ààrẹ tó há sí àríwá kò rọ́nà padà. Ẹgbẹ́ kan tó lé ní 2,000 gba Bòlífíà, wọ́n gba Ajẹntínà, wọ́n tún gun òkè Andes kọjá kí wọ́n tó dé Santiago, gbogbo rẹ̀ nítorí pé wọn ò ní ọkọ̀.

Ní oṣù April wọ́n dá ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀ ní Iquique. Montt ni alága, Silva àti Barros Luco ni ọmọ ẹgbẹ́. Owó nítréètì ni wọ́n fi ra ìbọn láti òkè òkun, àwọn tó ń wa nítréètì ni wọ́n kó sínú iṣẹ́ ogun, Emil Körner, ọ̀gá ológun láti Jámánì, ló sì kọ́ wọn. Ìdààmú kan ṣoṣo tó lè gba omi lọ́wọ́ wọn ni ọkọ̀ tuntun ti ààrẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù April, ọkọ̀ kékeré Almirante Lynch tó jẹ́ ti ààrẹ yọ́ wọ èbúté Caldera lóru, ó sì ju tọ̀pídò, àdó olóró tó ń sáré lábẹ́ omi, lu Blanco Encalada. Ọkọ̀ náà rì ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn tó lé ní 180 bá a lọ. Kò tíì sí ọkọ̀ onírin ńlá tí tọ̀pídò irú èyí rì rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀ fún Balmaceda láti ilẹ̀ Faransé, àmọ́ àwọn aṣojú ilé ìgbìmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí kóòtù níbẹ̀, wọn ò sì dé lásìkò.

Ní ọjọ́ 20 oṣù August, ọkọ̀ Montt sọ bí ọmọ ogun 9,000 kalẹ̀ ní Quintero, ní àríwá Valparaíso. Lọ́jọ́ kejì wọ́n borí ní Concón, ní ọjọ́ 28 wọ́n tún borí ní Placilla. Balmaceda gbé ìjọba sílẹ̀, ó sá pamọ́ sí ilé aṣojú ilẹ̀ Ajẹntínà ní Santiago. Ọjọ́ 18 oṣù September ni sáà rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ 19, ó yìnbọn pa ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó parapọ̀ borí pọ̀, wọn ò sì fẹ́ràn ara wọn. Bí olórí ẹgbẹ́ kan bá di ààrẹ, àwọn yòókù yóò bẹ̀rù pé Balmaceda mìíràn lèyí. Montt kò ní ẹgbẹ́, kò ní ọ̀wọ́ olùdìbò, kò sì jọ ẹni tí yóò fẹ́ jẹ gàba lórí aṣòfin. Ohun tí kò ní ni wọ́n torí ẹ̀ yàn án. Ó búra ní ọjọ́ 26 oṣù December 1891.

Ó ṣe bí wọ́n ṣe rò. Wọn ò kọ ìwé òfin tuntun rọ́pò ti 1833, síbẹ̀ agbára ṣí kúrò lọ́dọ̀ ààrẹ. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tó jáde ní December yẹn gbé ètò ìbò kúrò lọ́wọ́ àwọn gómìnà. Mínísítà wá ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí àwọn aṣòfin bá ṣe fẹ́. Ó bá ìjà pẹ̀lú Amẹ́ríkà nílẹ̀, nítorí àtùkọ̀ méjì láti inú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, USS Baltimore, tí wọ́n pa ní Valparaíso ní October 1891. 75,000 dọ́là góòlù ni Chile san kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Ohun tó dára jù lọ nínú sáà rẹ̀ ni àforíjì tó ń fún àwọn tó pàdánù ogun náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1894, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Balmaceda ti wọ ilé ìgbìmọ̀ padà, Latorre sì di aṣòfin àgbà.

Montt gbé ìjọba fún Federico Errázuriz Echaurren ní 1896, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì di olórí gbogbo ọmọ ogun ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó tún ṣe olórí ìlú Valparaíso láti 1915. Ó kú ní 1922. Ètò tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọlé lò tó ọdún mẹ́ta sí i. Ìwé òfin tuntun ti 1925 kọ ọ́ kedere pé bí àwọn aṣòfin ò bá parí ètò ìṣúná lásìkò, èyí tí ààrẹ gbé wá síwájú wọn ni wọn yóò máa lò.