Ṣé ọjọ́ kan tó láti lọ ṣe rafting ní Jinja? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ń lọ sí ìpàdé kan ní Kampala, ní Uganda. Sátidé nìkan ló ṣófo fún un. Ó ti wo fídíò àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ rọ́bà, tí omi ń gbé wọn sókè tó ń sọ wọ́n sílẹ̀ lórí Odò Nile ní Jinja, ìlú kan ní Uganda níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní rafting nìyẹn, ló bá ní òun náà máa ṣe é, bó ṣe da ìbéèrè bò mí nìyẹn torí ó mọ̀ pé mo ti dé ibẹ̀ rí. Mo kọ ọ́ síbí torí kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tómi yẹn funfun báyẹn, ṣé ọṣẹ ni?

Afẹ́fẹ́ ni o. Tí ilẹ̀ abẹ́ odò bá ṣàdédé da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí àpáta tún dí ọ̀nà, omi á já wálẹ̀, á forí sọ àpáta, á yí padà sẹ́yìn, bó ṣe ń ta síbí ta sọ́hùn-ún ló ń gbé afẹ́fẹ́ mì, ìfófó ẹ̀ lò ń rí yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé omi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀ kì í gbé èèyàn léfòó dáadáa bíi ti omi tó dákẹ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ní kí ẹni tó mọ̀wẹ̀ bí ẹja gan-an wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà sọ bí omi ṣe le tó, látorí 1 dé 6. Omi 1 ò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, 3 ti ń mì èèyàn, 5 lè dojú ọkọ̀ dé, 6 sì rèé, àwọn ilé-iṣẹ́ kì í gbé oníbàárà gba ibẹ̀. Ní Jinja, 5 wà dáadáa. Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Itanda, apá kan níbẹ̀ burú débi pé ṣe ni wọ́n máa ń ní kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́bàá odò kẹ́ ẹ tó tún wọkọ̀.

Kí ló dé tá ò kúkú ṣe é lórí Odò Ọbà tiwa níbí, ká fowó tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́?

Ìbéèrè yìí wù mí. Àwọn àgbà sọ pé ibi tí Ọbà ti pàdé Ọ̀ṣun, omi ibẹ̀ kì í sinmi, orogún ni wọ́n nílé Ṣàngó, ìjà ọjọ́ kìíní ni wọ́n ṣì ń jà. Àmọ́ odò tiwa, òjò ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn omi á fà, àpáta á yọrí síta, rọ́bà ọkọ̀ á fi ya. Tójò bá wá dé, omi á pọ́n, á máa gbé ìtì igi kiri, ta ló fẹ́ pàdé ìtì igi nínú omi tó ń sáré? Àti pé ta ló dúró nísàlẹ̀ tó máa gbà ẹ́ tóo bá ṣubú?

Odò Nile ní tiẹ̀, inú Lake Victoria ló ti ń jáde ní Jinja, adágún yẹn sì tóbi débi pé kò sí oṣù kan tí odò yẹn máa gbẹ. Omi ẹ̀ pọ̀, ó jìn, kò tutù, tóo bá ṣubú sínú ẹ̀ inú omi lóo sábà máa bọ́ sí, kì í ṣe orí òkúta.

Ẹ̀rọ iná mànàmáná ló wá fẹ́ gba odò yẹn lọ́wọ́ wa. Omi tó ń hó tí wọ́n fi mọ Bujagali láyé àtijọ́ ti wà lábẹ́ adágún báyìí, dáàmù Bujagali tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012 ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó di 2019 wọ́n tún ṣí ti Isimba nísàlẹ̀, ìyẹn náà gbé nínú ẹ̀ mì. Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí tiwa, ṣebí ní Bussa lórí Odò Ọya ni Mungo Park kú sí ní 1806, láàárín àwọn àpáta tómi ti ń hó, abẹ́ omi dáàmù Kainji nibẹ̀ wà láti 1968. Torí náà fídíò tóo wò yẹn, wo ọdún tí wọ́n gbé e síta. Kóo tó sanwó fún ilé-iṣẹ́ kankan, bi wọ́n pé ibo gan-an lẹ ti ń wọ omi, ibo lẹ ń jáde sí, àwọn ibi líle wo ló ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ta kókó fún ẹ lórí ìbéèrè yìí, fi í sílẹ̀.

Ṣé ọjọ́ kan á wá tó lóòótọ́?

Á tó, tóo bá tètè jí. Kampala sí Jinja ò ju nǹkan bí kìlómítà 80 lọ, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà láàárín Kampala àti Mukono, ti Ojota ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Kúrò ní aago mẹ́fà àárọ̀, ká ní wákàtí 2 sí 3 lójú ọ̀nà, wàá dé, wọn á fún yín lóúnjẹ díẹ̀, wọn á kọ́ yín, nǹkan bí aago mẹ́wàá ẹ ti wà lórí omi. Tó bá jẹ́ ti odindi ọjọ́, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa jáde. Ti ìdajì ọjọ́ náà wà, èmi ò ní ká lọ sí gbogbo ọ̀nà yẹn torí ìdajì o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní bọ́ọ̀sì tó máa ń wá gbé èèyàn ní Kampala, gba ìyẹn, má wakọ̀ fúnra ẹ, apá òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ó sì máa rẹ̀ ẹ́ gan-an lálẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa gba Namawojjolo kọjá, ibi tí wọ́n ti ń gbé adìyẹ sísun tí wọ́n gún mọ́ igi àti bọ̀ọ̀lì wá bá èèyàn lójú fèrèsé ọkọ̀. Jẹ ẹ́.

Má fi í sí ọjọ́ tóo máa wọ bàálù. Aago wọn sì fi wákàtí 2 ṣíwájú tiwa, yí i padà lọ́jọ́ tóo bá dé.

Mi ò mọ̀wẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n ń gba ẹni tí ò mọ̀wẹ̀, sọ fún wọn ṣá, má tijú. Tóo bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n di èjìká ẹ̀ mú kí wọ́n fà á sókè, tó bá gòkè dé etí ẹ kò tíì fún tó. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ máa wà lórí àjẹ̀ nígbà gbogbo, lórí ibi tó rí bíi lẹ́tà T yẹn, torí eyín ẹni tó wà nítòsí ẹ ni ibẹ̀ máa ń bá tóo bá jù ú sílẹ̀. Tóo bá bọ́ sómi, fẹ̀yìn lélẹ̀, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè síwájú, jẹ́ kómi máa gbé ẹ lọ. Má dìde dúró! Ẹsẹ̀ lè há sábẹ́ àpáta, omi á sì wá máa ti ẹni náà ṣubú, ibẹ̀ lewu tó wà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan máa wà nítòsí, àwọn ló máa wá fà ẹ́.

Tómi bá kún inú ọkọ̀, ṣé kò ní rì?

Rárá. Afẹ́fẹ́ wà nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ihò sì wà yí i ká, ibẹ̀ lomi ń gbà jáde.

Kí ni kí n wọ̀?

Aṣọ tó máa ń tètè gbẹ, tápá ẹ̀ gùn torí oòrùn ibẹ̀ ò ṣàánú, àti bàtà tó ní okùn lẹ́yìn. Sílípáàsì á bómi lọ. Wíìgì náà á bómi lọ, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò sì ní jókòó dáadáa lórí ẹ̀, dirun mọ́lẹ̀ kóo tó lọ. Fóònù á dúró sí kọ́ńtà wọn.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ńkọ́, mo gbọ́ pé kòkòrò wà nínú omi náà?

Òótọ́ ni. Èyí tó ń fa àtọ̀sí ajá lọ́dọ̀ wa, ìbátan ẹ̀ wà nínú Lake Victoria àti Nile, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni tiwọn máa ń bá jà. Oògùn ẹ̀ ni praziquantel, àmọ́ kòkòrò tó ti dàgbà ló ń pa dáadáa, torí náà má lọ gbé e mì lálẹ́ ọjọ́ náà, lọ rí dókítà lẹ́yìn bí oṣù méjì tóo bá ti padà sílé. Ti ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀. Yẹ́lò káàdì ẹ sì ńkọ́, ṣé ó wà lọ́wọ́ ẹ? Wọ́n máa béèrè ẹ̀ ní Entebbe, ní pápákọ̀ òfurufú wọn.

Ṣé kí n sọ fún Màmá?

Tóo bá ti padà dé òtẹ́ẹ̀lì ni kóo pè wọ́n. Wọ́n máa ní kóo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan kóo tó wọ omi, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà mọ̀lẹ́bí, tèmi ni kóo kọ síbẹ̀, jọ̀ọ́, má kọ ti Màmá.