Bí wọ́n ṣe ń wọn ara níbi tí nǹkan kò ti wúwo

Òṣùwọ̀n tí a ń gùn nílé ìwòsàn kì í wọn ara gan-an. Bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ló ń kà. Nínú ibùdó ojú sánmà ISS, tó ń yí ayé ká ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, òdo ni yóò máa kà fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe pé agbára òòfà ayé kò débẹ̀ o. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibùdó náà àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń já bọ́ yí ayé ká, ẹsẹ̀ kò sì lè tẹ ohun tí wọ́n jọ ń já bọ́.

Ṣùgbọ́n ìlọ́ra ara kò lọ síbì kankan. Ẹni tó ti ọmọlanke tó kún fún sìmẹ́ńtì rí mọ̀ pé kódà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ṣòro láti gbé kúrò lójú kan, ó tún ṣòro láti dá dúró. Ìlọ́ra yìí ni wọ́n ń wọ̀n.

Ní Skylab, ibùdó ojú sánmà ti Amẹ́ríkà, lọ́dún 1973, àga onísípíríǹgì tí dókítà William Thornton ṣe ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, ẹ̀rọ yóò sì ka àsìkò rẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni àga ṣe ń falẹ̀ tó: ẹrù ìlọ́po mẹ́rin, àsìkò ìlọ́po méjì. Wọ́n á ti kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán àga náà wò, wọ́n á sì yọ ti àga fúnra rẹ̀ kúrò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ènìyàn kì í ṣe òkúta. Ikùn ń mì, omi inú ara náà ń mì, gbogbo rẹ̀ ló sì ń da ìṣirò rú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de ènìyàn mọ́ àga pinpin.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ṣì ń lo irú ọgbọ́n yìí ní ISS. SLAMMD, ẹ̀rọ ìwọ̀n ara tí Amẹ́ríkà gbé lọ síbẹ̀ lọ́dún 2005, kì í mi ènìyàn síwá-sẹ́yìn ní tirẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ á fi agbára tí kì í yí padà fa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wo bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n á fi ìyẹn pín agbára náà gẹ́gẹ́ bí òfin Newton, ohun tó bá jáde ni ìwọ̀n ara ẹni náà. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì pọ́ùn lọ.

Àwọn dókítà kò lè fi ìwọ̀n yìí ṣeré, nítorí iṣan àti egungun máa ń joro lókè lọ́hùn-ún. Ní Skylab, àjẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ pàápàá ní òṣùwọ̀n kékeré tiwọn, onísípíríǹgì náà ni.