Bí eré crossword ṣe bẹ̀rẹ̀, àti bí orúkọ òṣèlú àti dókítà ṣe wọ inú rẹ̀

Bàbá mi, tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Kábbà, fẹ́ràn ìbéèrè kan nínú eré crossword, eré tí a ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú àwọn àpótí kéékèèké ní ìbú àti ní òòró, lẹ́tà kan sí àpótí kan, tí wọ́n máa fi ń dán wa wò: àgbà òṣèlú Nàìjíríà tí ó ṣe olórí ìjọba ẹkùn, lẹ́tà 7. Ẹnì kan a sọ pé Awolowo, ẹlòmíràn a ní Azikiwe. Orúkọ méjèèjì ni ó gba inú àpótí náà. Lẹ́tà A ni ó bẹ̀rẹ̀ wọn, W sì ni lẹ́tà kẹfà nínú wọn. Bàbá kì í kọ ohunkóhun síbẹ̀ títí wọn yóò fi rí ọ̀rọ̀ òòró tí ó gba àyè kejì kọjá, nítorí Z tàbí W tí ó bá bọ́ síbẹ̀ ni yóò dájọ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n sì ń lò, kì í ṣe bírò.

Ìdábùú ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é fún ìwé ìròyìn New York World, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Kò ní àpótí dúdú kankan nígbà náà. Ó rí bíi dáyámọ́ńdì tí àárín rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì ti kọ FUN sí òkè rẹ̀ kí òǹkàwé lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Word-Cross ni Wynne sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tí ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé fi ṣèèṣì yí i sódì sí Cross-Word, orúkọ àṣìṣe yẹn ni ó sì mọ́ ọn lórí títí dòní. Ìwé crossword àkọ́kọ́ jáde ní 1924. The New York Times, tí ó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, kò gbà á wọlé títí di 1942.

Bí ẹni tí ń to eré náà bá ti fi ọ̀rọ̀ gígùn sí àyè wọn tán, àlàfo kéékèèké a ṣẹ́kù tí orúkọ kúkúrú nìkan lè dí. Ìdí nìyí tí Meir, obìnrin tí ó ṣe olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Salk, dókítà tí ó ṣe àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, fi ń yọjú lemọ́lemọ́. Àwọn dókítà onílẹ́tà 6 ni ó ń dà mí lórí rú: Jenner, tí ó bẹ̀rẹ̀ àjẹsára ṣànpọ̀nná ní 1796, àti Lister, tí ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ láti fi oògùn pa kòkòrò ojú ọgbẹ́, ER ni ó parí méjèèjì.

Nígbà kan, oníṣẹ́ abẹ ará Bìrìtìkó ni wọ́n béèrè. Bàbá ti fẹ́ gbà pé Lister ni, kí òòró tó gbé K sí àyè kẹrin. Baikie ni, dókítà tí ó wa ọkọ̀ gba Odò Ọya àti Bẹ́núé ní 1854, tí ó fún àwọn tí ó bá a lọ ní kuníní tí ibà kò fi pa ẹnì kan nínú wọn, tí ó sì padà wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja. Bàbá rẹ́rìn-ín pẹ́. “Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ sí Àbújá ni mò ń gba ìlú rẹ̀ kọjá,” ni wọ́n wí, “K yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rán mi létí rẹ̀.”