Iye Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìròyìn Yẹn, Kí Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìròyìn kan gba ayé kan: ó ṣeé ṣe kí ohun ẹlẹ́mìí wà nínú ìkùukùu Àgùàlà (Venus). Jane Greaves àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Nature Astronomy pé àwọn rí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní phosphine níbẹ̀, bí ẹyọ 20 nínú bílíọ̀nù kan. Phosphine kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ níbi tó rí bí Àgùàlà. Nílé ayé tiwa, bí kì í bá ṣe ilé iṣẹ́ ló pò ó, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé níbi tí ọ́ksíjìn kò dé la máa ń bá a lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá rí ìdí tí ariwo fi sọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí iye náà fi já wálẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ALMA, òwọ́ awò ńlá tó wà ní aṣálẹ̀ Chile tí wọ́n fi ṣe apá kan iṣẹ́ náà, rí i pé àṣìṣe wọ inú bí wọ́n ṣe ń fi ohun tí a mọ̀ dán awò náà wò. Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí Greaves àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún un kà, 20 ti di bíi 1, ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò sì ju bíi 5 lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún dìde. Àwọn kan ní ìlà ìṣirò tí wọ́n fi ń yọ ariwo kúrò lára ìmọ́lẹ̀ náà lè fúnra rẹ̀ dá àmì tí kò sí sílẹ̀. Àwọn kan ní sulphur dioxide ni wọ́n rí, torí ó pọ̀ lójú sánmà Àgùàlà, ibi tó sì ti ń gbé ìtànṣán mì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà pẹ̀lú ti phosphine. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àríyànjiyàn náà ṣì ń lọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá àyẹ̀wò wa, nítorí owó tí wọ́n ń san fún mi níbẹ̀, torí kí n má gba òṣùwọ̀n gbọ́ ni. Ẹ mú òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá 1 nínú 10,000 gíráàmù. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán mú irin ìwọ̀n, ọ̀rá ìka yín ti kún un. Bí ẹ kò bá pa ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ dé, èémí yín á máa mì ín. Bí ife tí ẹ gbé lé e bá ṣì gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lára rẹ̀ á máa gbé e nílẹ̀, òṣùwọ̀n á sì ní ó fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Òṣùwọ̀n ò purọ́ nínú gbogbo èyí. Ohun tó rí ló sọ. Ẹ̀yin lẹ ò mọ ohun tó rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ gbé irin tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e, ká tó gbé ohun tí a kò mọ̀. Tó bá jẹ́ òjé là ń wá nínú omi, a ó kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní omi tí kò ní òjé rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé òdo ló máa kà. Rárá o. Ó máa ń rí nǹkan kan: láti ara ìgò, láti inú ásíìdì tí a dà sí i, láti ara eruku. Iye yẹn la ó yọ kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó fún un ní omi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a fi ọwọ́ ara wa pò, tí a mọ iye òjé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi tí wọ́n gbé wá bá wá ní òjé ju èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ, a kì í kọ iye tí ẹ̀rọ sọ sílẹ̀. A ó bu omi là á, a ó tún un kà.

Irin ìwọ̀n tiwa náà ńkọ́, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Wọ́n fi wé òmíràn tó dájú jù ú lọ, wọ́n fi ìyẹn náà wé òmíràn, títí dé orí kìlógíráàmù kan ṣoṣo tí wọ́n tì mọ́ ilé ní Sèvres, lẹ́bàá Paris, láti ọdún 1889. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ wé àwọn ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyàtọ̀ tó tó bíi 50 máíkírógíráàmù ti wọ àárín wọn. Èwo ló yí padà? Kò sẹ́ni tó lè sọ, torí òun gan-an ni ìwọ̀n. Láti 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì, wọ́n sì gbé kìlógíráàmù ka orí nọ́ńbà kan nínú ìmọ̀ físíksì tí kì í yí padà.

Àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń tan infrared, ìtànṣán tí ojú kò lè rí, gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Carbon dioxide ń gbé díẹ̀ mì lára rẹ̀. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni èyí tó yọ sí òdìkejì ṣe máa kéré tó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Keeling ní àwọn sílíńdà afẹ́fẹ́ tó ti mọ iye carbon dioxide inú wọn, ó sì ń dá ẹ̀rọ náà padà sọ́dọ̀ wọn lemọ́lemọ́. Òkè oníná ni Mauna Loa, ó ń tú carbon dioxide tirẹ̀ náà jáde, nítorí náà wákàtí tí atẹ́gùn bá gba ojúhò rẹ̀ wá, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ìpíndọ́gba ọdún 1959 jẹ́ bíi 316 nínú mílíọ̀nù kan. Ti ọdún 2024 lé ní 424. Nígbà tí òkè náà bú ní ìparí ọdún 2022, tó gé ọ̀nà àti iná mànàmáná, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí Maunakea nítòsí. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wé é, ìyẹn ló jẹ́ kí iye ibẹ̀ ṣeé tò mọ́ ti àtẹ̀yìnwá.

Ọgbọ́n infrared yìí kan náà ni awò James Webb lò lọ́dún 2022 tó fi rí carbon dioxide lójú sánmà WASP-39b, ayé kan tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po ní nǹkan bí 700 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé láàárín ọdún kan). Àmì tó rí níbẹ̀ dúró sán-ún, kò fara jọ ti Àgùàlà rárá.

Àmọ́ yíyọ ìwọ̀n tó mú ìfura dání sọ́tọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Lọ́dún 1985, Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin kéde pé iye ósóònù, afẹ́fẹ́ tó ń dá ìtànṣán oòrùn tó léwu dúró, tó wà lókè Antarctica ń já wálẹ̀ bí ìgbà ìrúwé ibẹ̀ bá ti dé. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dobson ni wọ́n fi kà á láti ibùdó Halley. Sátẹ́láìtì NASA ti ń kọjá lókè ibẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó sì ti rí i. Ètò kọ̀ǹpútà ló ti fi àmì sí i pé iye tó bá kéré ju 180 lọ lórí òṣùwọ̀n Dobson, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe, torí wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo ohun tí wọ́n fi àmì sí, ihò ósóònù náà wà níbẹ̀ rẹrẹẹrẹ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ìjà tó wà lórí bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀. Ẹgbẹ́ Adam Riess ń ka jíjìnnà ní ìpele ìpele, láti orí ìràwọ̀ Cepheid, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ̀ tó sì ń dín kù, dé orí ìràwọ̀ tó ń bú gbàmù, wọ́n sì rí i pé eré ìfẹ̀ náà jẹ́ bíi 73 (kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún jíjìnnà bíi mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan). Àwọn tó fi sátẹ́láìtì Planck wo ìtànṣán tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé rí bíi 67. James Webb ti tún àwọn Cepheid náà wò, jíjìnnà wọn ò yẹ̀, ìyàtọ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń retí ìmọ̀ físíksì tuntun. Tèmi, òṣùwọ̀n ni mo ṣì ń fura sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò ẹni ni oúnjẹ. Lóṣooṣù ni FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń gbé iye kan jáde lórí owó oúnjẹ lágbàáyé: ọkà oníhóró, òróró, ẹran, wàrà àti ṣúgà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, ó gòkè dé bíi 160. Iye yẹn kì í ṣe owó. Ìpíndọ́gba ọdún 2014 sí 2016 ni wọ́n pè ní 100, òun ni irin ìwọ̀n tiwọn. Owó ọjà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ló sì ń kà. Kò mọ ohun tí ẹ san nísọ̀ ọlọ́jà. Bó bá já sí 120, oúnjẹ ṣì wọ́n ju ti ọdún 2014 sí 2016 lọ ní ìdá 20 nínú 100.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ìjọba bá ní ọ̀wọ́ngógó ti wálẹ̀ láti ìdá 30 sí ìdá 10 nínú 100. Ohun tí wọ́n ń tà ní 100 di 130 lọ́dún àkọ́kọ́, ó di 143 lọ́dún kejì. Èyí tó wálẹ̀ ni eré tó ń sá. Owó ọjà fúnra rẹ̀ ṣì ń gòkè.

Ohun kan wà tí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ò tilẹ̀ lè rí. Lọ́dún 2014, Samuel Myers àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde oko tí wọ́n ti fẹ́ carbon dioxide sí irúgbìn ní gbalasa jọ, títí ó fi wà láàárín 546 sí 586 nínú mílíọ̀nù kan. Zinc inú àlìkámà dín ní bí ìdá 9 nínú 100, irin (iron) inú rẹ̀ dín ní bí ìdá 5, purotéènì ní bí ìdá 6. Tọ́ọ̀nù kan ṣì jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, owó rẹ̀ kò sì ní sọ ìyàtọ̀ kankan.

Wọ́n ti ń gbìyànjú láti ka ohun tó sún mọ́ ìyẹn: èèyàn mélòó ni owó rẹ̀ kò ká oúnjẹ tó ń ṣara lóore? Ìròyìn tí FAO àtàwọn àjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2023 ní wọ́n lé ní bílíọ̀nù 3.1 lọ́dún 2021. Ti ọdún 2024 ní bíi bílíọ̀nù 2.83 ni wọ́n lọ́dún 2022. Ẹni tó bá fi méjèèjì wéra á ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 250 ti bọ́ nínú ìṣòro láàárín ọdún kan. Àwọn tó kọ ọ́ ti tún ọ̀nà ìṣirò ṣe láàárín méjèèjì ni, wọ́n sì fi ọ̀nà tuntun náà tún àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá kà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dára sí i tàbí ó ń burú sí i, ìròyìn tó jáde kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ṣí, inú rẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti mú iye gbogbo ọdún tí ẹ fẹ́ fi wéra.